Dandelion nínú Grand Canyon: ṣé ká gba ewéko gbígbẹ gbọ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Ìlú Phoenix ní Amẹ́ríkà ni mò ń gbé. Mo ń yọ̀ǹda ara mi fún herbarium kan níbí, ìyẹn ilé tí wọ́n ń kó ewéko gbígbẹ pa mọ́ sí. Iṣẹ́ mi ni kí n máa wo fọ́tò ewéko kọ̀ọ̀kan, kí n sì tẹ ohun tó wà lára lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Nígbà tí mo dé orí àwọn tí wọ́n kó ní Grand Canyon, ìyẹn àfonífojì jíjìn olókùúta tó wà ní Arizona, àti ilẹ̀ olókùúta gúúsù Utah, mo rí dandelion, èpò olódòdó yẹ́lò nì, níbẹ̀, kì í sì í ṣe ẹyọ kan. Dandelion tí mo mọ̀, inú koríko àgbàlá tí wọ́n ń bomi rin ló ti ń hù. Kí ló gbé e dé inú aṣálẹ̀? Òmíràn tún wà tí wọ́n kọ "desert dandelion" sí lára, kò sì jọ ti àkọ́kọ́. Ṣé ẹni tó kọ ọ́ ló ṣì í ni? Àti pé èpò ni, kí ni wọ́n ń tọ́jú ẹ̀ fún láti ayé bàbá ńlá wa?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ o, arábìnrin. Inú mi dùn pé ẹ dúró béèrè, ẹ ò kàn tẹ̀ ẹ́ kọjá. Ohun tí ẹ bá tẹ̀ ni àwọn olùwádìí tí ẹ ò ní rí lójú láéláé máa gbà gẹ́gẹ́ bí òótọ́.

Dandelion wà ní agbègbè yẹn lóòótọ́. Taraxacum officinale lorúkọ tí àwọn onímọ̀ fún un. Ohun tó ṣòroó rí níbẹ̀ ni dandelion tó dá hù láàárín iyanrìn gbígbẹ, tí kò sí omi nítòsí rẹ̀. Nítorí náà, bí ìwé kan bá wà níwájú yín tí wọ́n lẹ dandelion mọ́, ohun tí ẹ máa bi í ni pé: ibo gan-an ni wọ́n ti fà ọ́ tu, báwo ni ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe ga tó, omi wo ló wà níbẹ̀, ta ló sì ti gba ibẹ̀ kọjá?

Ẹ jẹ́ ká ti orí gíga ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí òun ló ń tan àwọn èèyàn jẹ jù. Etí Grand Canyon lápá àríwá, tí wọ́n ń pè ní North Rim, fi ohun tó lé ní 2,400 mítà ga ju ojú òkun lọ. Igbó ni ibẹ̀. Igi páìnì kún un, yìnyín máa ń bò ó mọ́lẹ̀ nígbà òtútù, pápá koríko tútù sì wà láàárín igbó náà. Òjò àti yìnyín ibẹ̀ lọ́dún kan tó nǹkan bí íǹṣì 25. Etí apá gúúsù rẹlẹ̀ sí i, ó tó nǹkan bí 2,100 mítà, òjò ibẹ̀ sì tó íǹṣì 16. Àmọ́ tí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ dé etí odò Colorado, níbi ilé àlejò tí wọ́n ń pè ní Phantom Ranch, gíga ilẹ̀ ò ju nǹkan bí 750 mítà lọ, òjò ọdún kan ò pé íǹṣì 10, ooru ibẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn sì máa ń kọjá 40 lórí ìwọ̀n Celsius. Ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, "Grand Canyon" ni wọ́n lè kọ fún gbogbo wọn. Tí ẹnì kan bá já dandelion ní pápá koríko North Rim, kò sí ohun ìyanu kankan níbẹ̀, torí ojú ọjọ́ ibẹ̀ bá a lára mu. Èyí tó bá wá láti ìsàlẹ̀ ló yẹ ká jókòó tì.

Ní ìsàlẹ̀ náà, omi wà ju bí ẹni tó ń wò ó láti òkè ṣe lè rò lọ. Ní gúúsù Utah, àpáta oníyanrìn kan wà tí wọ́n ń pè ní Navajo Sandstone. Bí òjò bá rọ̀ sórí rẹ̀, omi máa ń wọ inú rẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀ ni ìpele àpáta míì wà, Kayenta, tí kò fàyè gba omi bíi tiẹ̀. Ibẹ̀ ni omi ti máa ń yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, táá wá máa sun jáde lára ògiri òkúta. Ní Zion National Park, ibì kan wà tí wọ́n ń pè ní Weeping Rock tí ẹ ti lè fojú ara yín rí i: òkúta ń ṣomi tòò, ewé tútù rọ̀ sí i lára, aṣálẹ̀ sì wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Omi tó ń kán níbẹ̀ lónìí ti lo ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún nínú àpáta. Irú ibi báyìí, àti etí àwọn odò kéékèèké tó ń ṣàn wọ odò Colorado, ni dandelion ti lè rí ilẹ̀ tútù tó máa fi gbòǹgbò rẹ̀ gígùn dì mú.

Omi nìkan kọ́ o. Èèyàn ló gbé e débẹ̀. Ilẹ̀ Yúróòpù àti Éṣíà ni Taraxacum officinale ti wá, àwọn òyìnbó tó lọ tẹ̀dó sí Amẹ́ríkà ló sì kó o lọ. Ẹ wo Fruita, tó wà nínú Capitol Reef National Park báyìí. Ní àwọn ọdún 1880 ni àwọn ọmọ ìjọ Mormon dé etí odò Fremont, wọ́n la ojú omi, wọ́n gbin igi eléso sáàárín ògiri òkúta pupa. Títí dòní ni wọ́n ṣì ń bomi rin àwọn igi náà, koríko tútù sì wà lábẹ́ wọn. Ní Grand Canyon, ọkọ̀ ojú irin dé etí apá gúúsù ní 1901, ìjọba sọ ibẹ̀ di ọgbà orílẹ̀-èdè ní 1919, wọ́n kọ́ Phantom Ranch ní 1922. Ìbaaka ló ń ru ẹrù àti èèyàn sọ̀ kalẹ̀ lọ síbẹ̀. Oúnjẹ ẹran, pátákò ẹran, bàtà àlejò, àgọ́ tí wọ́n ká tí wọ́n tún tẹ́ síbòmíì, gbogbo wọn ló lè gbé hóró dandelion.

Ẹyọ hóró kan sì tó. Ọ̀pọ̀ jù lọ dandelion tó wà ní Amẹ́ríkà ní ìdì krómósómù (àwọn fọ́nrán tó gbé àbùdá nínú ara) mẹ́ta dípò méjì, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 24. Irú wọn kì í dúró de lẹ́búlẹ́bú òdòdó míì kó tó so. Ó máa ń dá so, ọmọ á sì jọ ìyá délẹ̀délẹ̀. Ìyẹn ni pé bí hóró kan ṣoṣo bá jábọ́ lára ìbọ̀sẹ̀ ẹnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsun omi, ó lè di agbo ńlá níbẹ̀ láìsí ìkejì tó tẹ̀ lé e wá. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé dandelion inú canyon sábà máa ń jẹ́ ẹ̀rí pé omi wà níbẹ̀, àti pé ẹsẹ̀ èèyàn tàbí ti ẹran ti débẹ̀.

Ó wá ku ti "desert dandelion". Ẹni tó kọ ọ́ kò ṣì í o. Ewéko ọ̀tọ̀ ni, Malacothrix glabrata, ọmọ ilẹ̀ aṣálẹ̀ Amẹ́ríkà gan-an. Ẹbí kan náà ni òun àti dandelion, àmọ́ ìgbésí ayé wọn yàtọ̀. Dandelion máa ń lo ọdún púpọ̀ lórí gbòǹgbò kan. Malacothrix kì í lò ju sáà kan lọ. Bí òjò ìgbà òtútù bá rọ̀ dáadáa, á hù, á tanná láàárín oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún, á gbọn hóró dà sílẹ̀, á sì kú kí ooru tó dé. Iyanrìn gbígbẹ tí dandelion ò lè gbé, ilé tiẹ̀ nìyẹn.

Bí ẹ ṣe máa dá wọn mọ̀ lórí ìwé rèé, ẹ fara balẹ̀ sí i díẹ̀. Ṣé ẹ rántí yánrin tí a ń sè nílé? Launaea taraxacifolia lorúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀, wọ́n sì fún un lórúkọ yẹn nítorí pé ewé rẹ̀ jọ ti dandelion. Tí ẹ bá ṣẹ́ yánrin, oje funfun á jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ni dandelion, bẹ́ẹ̀ náà sì ni Malacothrix. Àmọ́ yánrin máa ń yọ ọ̀pá gíga tó ní ẹ̀ka, òdòdó á sì pọ̀ lórí ọ̀pá kan. Dandelion kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo ewé rẹ̀ ló kó ara jọ sílẹ̀, ọ̀pá tó gbé òdòdó rẹ̀ ò léwé lára, ihò ló wà nínú rẹ̀, òdòdó kan péré ló sì máa ń wà lórí ọ̀pá kan. Nítorí náà, bí ìwé tó wà níwájú yín bá ní ọ̀pá tó pẹ̀ka, tí òdòdó bíi mẹ́rin márùn-ún wà lórí rẹ̀, tí ewé rẹ̀ sì ya wínniwìnni bí òwú ìránṣọ, Malacothrix ni kí ẹ kọ́kọ́ rò.

Èyí tó nira ni Agoseris, torí òun náà ń gbé òdòdó kan ṣoṣo lórí ọ̀pá tí kò léwé, ó sì wà ní pápá koríko orí òkè níbi tí dandelion náà wà. Ẹ fi kọ̀ǹpútà fa fọ́tò náà tóbi, kí ẹ wo abẹ́ òdòdó. Àwọn ewé kéékèèké tó gba òdòdó mọ́ra níbẹ̀ wà ní ìlà méjì lára dandelion, ìlà òde sì máa ń tẹ̀ padà sísàlẹ̀. Ti Agoseris máa ń nàró ni. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá hóró. Hóró dandelion ní ẹ̀gún wẹ́wẹ́ ní apá òkè, lẹ́yìn náà ni ọrùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan gbé òwú funfun ró lórí. Hóró Agoseris lè ní ọrùn, àmọ́ kò ní ẹ̀gún yẹn. Tí hóró náà bá pupa bí bíríkì dípò kó jẹ́ àwọ̀ ilẹ̀ tàbí ewéko ṣíṣá, tí ewé rẹ̀ sì ya wọnú gan-an, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Taraxacum erythrospermum, dandelion àjèjì kejì tó wà ní Amẹ́ríkà. Dandelion tó jẹ́ ọmọ onílẹ̀ náà wà lórí àwọn òkè gíga ní ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà. Taraxacum ceratophorum ni, ìwo kékeré sì máa ń wà lórí ṣóńṣó àwọn ewé abẹ́ òdòdó rẹ̀.

Ohun tó ń bà mí lọ́kàn jẹ́ nídìí ọ̀rọ̀ yìí ni pé ọ̀pọ̀ akójọ-ewéko ló máa ń já dandelion nígbà tí òdòdó rẹ̀ bá ń dán, tí wọn kì í sì í dúró de hóró. Láìsí hóró, ẹnikẹ́ni tó bá sọ pé ó dá òun lójú pé irú báyìí ni, ó ń méfò ni. Nǹkan kan sì tún wà tí ẹ máa rí lórí ọ̀pọ̀ ìwé: òdòdó tí wọ́n já nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tanná, tó ti di òwú lórí ìwé. Ìtẹ̀ ewé kì í pa dandelion lójú ẹsẹ̀. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ sáàárín ìwé ìròyìn tí wọn ò sì tètè fi ooru gbẹ ẹ́, á máa bá ìdàgbà rẹ̀ lọ níbẹ̀, òwú á bẹ́ jáde, hóró á dà sílẹ̀. Olùtọ́jú tó mọṣẹ́ máa ń ṣa hóró wọ̀nyẹn sínú àpòòwé kékeré kan, á sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ igun ìwé náà. Bí ẹ bá rí irú àpòòwé bẹ́ẹ̀ nínú fọ́tò, ẹ kọ ọ́ sí àkíyèsí pé ó wà. Ó lè jẹ́ inú rẹ̀ ni ìdáhùn wà.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí máàpù, torí ibẹ̀ ni àṣìṣe pọ̀ sí jù. Lébẹ́ẹ̀lì àtijọ́ ò ní GPS. Ẹni tó kọ ọ́ lè kọ "Grand Canyon" pẹ̀lú ọjọ́ àti orúkọ ara rẹ̀, kó sì parí síbẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ẹlòmíràn á wá ibi kan fún un lórí máàpù, á sì fi àmì síbẹ̀. Níbi tí ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, bí àmì náà bá fi kìlómítà márùn-ún yẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ lára. Ní Grand Canyon, láti etí gúúsù dé odò kò ju nǹkan bíi kìlómítà márùn-ún lọ bí ẹyẹ bá fò ó, àmọ́ ilẹ̀ á ti fi nǹkan bí 1,400 mítà rẹlẹ̀. Àmì tó bá fi ìwọ̀n yẹn yẹ̀ ti gbé ewéko láti inú igbó páìnì lọ sínú aṣálẹ̀. Ẹni tó bá wo máàpù náà á rò pé òun rí dandelion tó ń fara da ooru, àṣìṣe orí kọ̀ǹpútà sì ni. Lórí SEINet, níbi tí ọ̀pọ̀ herbarium apá yẹn kó ewéko wọn sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àyè wà fún kíkọ bí àmì náà ṣe lè yẹ̀ tó. Ẹ máa wò ó ṣáájú ohunkóhun. Tí ó bá sọ pé ó lè fi kìlómítà mẹ́wàá yẹ̀, ẹ má fi àmì yẹn jiyàn lórí ojú ọjọ́.

Ẹ tún ṣọ́ra fún òǹkà gíga. Ẹsẹ̀ bàtà ni wọ́n máa ń kọ lára ọ̀pọ̀ lébẹ́ẹ̀lì Amẹ́ríkà, kì í ṣe mítà. Tí wọ́n bá kọ "7000" láìkọ ìwọ̀n sí i, tí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ sí àyè mítà, ẹ ti gbé dandelion kọjá gbogbo òkè tó wà ní Amẹ́ríkà. Ọjọ́ náà ní wàhálà tirẹ̀. "4/5/38" lè jẹ́ ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹrin, ó sì lè jẹ́ ọjọ́ kẹrin oṣù karùn-ún, bí ẹni tó kọ ọ́ bá ṣe gbà á. Ẹ wo àwọn ewéko míì tí ẹni náà kó ní sáà kan náà, nọ́ńbà ìkójọ rẹ̀ máa ń tò tẹ̀ léra, ìyẹn ló sì sábà máa ń tú u.

Ẹ béèrè pé kí ni wọ́n ń tọ́jú èpò fún. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ìbéèrè tó dùn mọ́ mi jù nìyí. Ní oṣù kẹfà ọdún 1938, obìnrin méjì láti Yunifásítì Michigan, Elzada Clover àti Lois Jotter, wọ ọkọ̀ onígi ní ìlú Green River, Utah, wọ́n sì bá odò Green àti odò Colorado lọ ju 600 máìlì títí dé adágún Lake Mead. Àwọn ni obìnrin àkọ́kọ́ tí a mọ̀ tó gba inú Grand Canyon já lórí omi. Ewéko ni wọ́n bá lọ, Clover pàápàá fẹ́ràn ọ̀rọ̀ kákítọ́ọ̀sì, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ń tẹ ewé sáàárín bébà níbi tí ìgbì ti ń dà sínú ọkọ̀. Ní 1944 ni wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde. Wọn ò mọ̀ pé ní 1963 ni wọ́n máa ti ìsédò Glen Canyon, tó sé odò Colorado lápá òkè Grand Canyon. Kó tó dìgbà náà, ìkún omi ọdọọdún máa ń gbá etí odò náà mọ́. Lẹ́yìn rẹ̀, ìkún omi ńlá yẹn dáwọ́ dúró, ewéko sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba etí odò. Lónìí, ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó ń hù níbẹ̀ kí ìsédò tó dé, ó di dandan kó lọ wo àwọn ìwé 1938 yẹn. Ní 1994, Jotter fúnra rẹ̀, tó ti di àgbà, tún bá àwọn onímọ̀ gba orí odò náà kí wọ́n lè fi ohun tó rí nígbà kan wé ohun tó wà níbẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ èpò ṣe rí nìyẹn. Kò sí bí a ṣe lè sọ ìgbà tí àjèjì dé ibì kan bí kò bá sí ẹni tó já a kó tó pọ̀. Ìṣòro ni pé àwọn akójọ-ewéko máa ń fo dandelion. Ẹni tó rin ìrìn ọ̀sẹ̀ kan nínú òkúta, tí àyè inú àpò rẹ̀ kéré, òdòdó tó ṣọ̀wọ́n ló máa gbé. Fún ìdí yìí, bí ẹ ò bá rí dandelion nínú àkójọ àfonífojì kan, ẹ má sọ pé kò sí níbẹ̀. Àwọn tó wà nínú àkójọ náà sì pọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ibùdó àgọ́ àti etí odò, torí ibi tí àwọn akójọ ń gbà kọjá nìyẹn.

Ó sì ní ibi tí ó ti di ọ̀rọ̀ ìyè àti ikú fún ewéko míì. Lórí òkè San Bernardino ní California, lókè aṣálẹ̀, dandelion ọmọ onílẹ̀ kan wà tó ń jẹ́ Taraxacum californicum. Láti 1998 ni ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti kọ ọ́ mọ́ àwọn tó wà nínú ewu àtirun. Ọ̀kan lára ohun tó ń bani lẹ́rù ni pé dandelion àjèjì, Taraxacum officinale, ń gba pápá mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì tún lè da ẹ̀jẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn. Láti mọ èyí tó jẹ́ ojúlówó níbẹ̀, àfi ká padà sórí ìwé tí wọ́n lẹ̀ kí àdàlù tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n lè gé ewé díẹ̀ tí kò ju èékánná lọ lára irú ìwé bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sì yẹ DNA rẹ̀ wò.

Nítorí náà, lórí àwọn dandelion tó wà lọ́wọ́ yín: ẹ tẹ ohun tó wà lára lébẹ́ẹ̀lì bó ṣe wà gẹ́lẹ́, àṣìṣe ọ̀rọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú. Bí ìwé pélébé kejì bá wà lára rẹ̀ tó fún un lórúkọ tuntun, ẹ tẹ òun náà, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó kọ ọ́ àti ọdún, kí ẹ má sì yọ ti àtijọ́. Èyí tó ní ọ̀pá tó pẹ̀ka, tí wọ́n sì kọ Taraxacum sí, ẹ má fọwọ́ ara yín yí i padà. Ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀, ẹ kọ ohun tí ẹ rí lábẹ́ òdòdó, ẹ fi ránṣẹ́ sí olùtọ́jú herbarium yín kó gbé ojúlówó rẹ̀ jáde wò. Èyí tí wọ́n kọ "Grand Canyon" nìkan sí, ẹ fi àyè gíga rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo.